Ìtàn Kábúrétọ̀ Ọkọ̀ Báàṣé

  Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ kà lónìí jẹ́ ìtàn ohun kékeré kan tó wà lára ọkọ̀ báàṣé. Ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Kábúrétọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè é ní carburateur. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń po ẹ̀sánsì mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó lè jó o.

Kí ló dé tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀? Ìdí ni pé àwọn kan nínú àwọn tó ṣì ní báàṣé àtijọ́ máa ń sọ fún mẹkáníìkì pé: “Ọ̀gá, ẹ bá mi yọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, kí ọkọ̀ mi lè gbé iṣu gun òkè.” Owó ni wọ́n ó fi rà á. Lẹ́yìn náà, owó ni wọ́n ó tún máa fi ra ẹ̀sánsì tí yóò máa mu lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ ìdí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi fún un ní kábúrétọ̀ kékeré yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi mẹkáníìkì rẹ̀ kó tó kó owó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa báàṣé fúnra rẹ̀. Ní èdè Faransé, bâche ni aṣọ líle, tápólì, tí wọ́n fi ń bo ẹrù. Ọkọ̀ kékeré tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn, tí wọ́n fi tápólì bo orí rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní bâchée. Ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé ló ṣe àwọn tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù lọ. Peugeot 203 jáde ní 1948, 403 tẹ̀lé e ní 1955, 404 sì jáde ní oṣù karùn-ún 1960. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1960 yẹn gan-an ni Dahomey gba òmìnira. Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa títí di 1975, kó tó di Benin. Nígbà tó di 1967, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báàṣé 404.

Rélùwéè ti wà nígbà yẹn. Irin rẹ̀ láti Cotonou ti dé Parakou láti 1936, ó sì gba Tchaourou kọjá. Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í wọ oko. Ẹni tó ní iṣu ní ọ̀nà Bétérou, tàbí tó fẹ́ gbé gààrí àti ewúrẹ́ lọ sí ọjà, báàṣé ló ń dúró dè. Bẹ́ńṣì wà lẹ́yìn, ènìyàn níhìn-ín, ènìyàn lọ́hùn-ún, ẹrù lórí, adìẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó wà nínú wa, ẹ ò ní gbàgbé eruku rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi báàṣé sílẹ̀ ná, ká padà sí ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ayé.

Ní 1886, ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo ẹ́ńjìnì. Kábúrétọ̀ ìgbà náà kò yàtọ̀ sí ìkòkò. Epo wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì ń gbé òórùn epo lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ ti ṣí kẹ́ẹ̀gì ẹ̀sánsì nínú oòrùn rí, ẹ mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe ń tú jáde. Ohun tó ń tú jáde yẹn ló ń jó nínú ẹ́ńjìnì. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí oòrùn bá mú, òórùn epo á pọ̀ jù. Bí òtútù bá mú, kò ní tó. Kò sí ohun tó ń wọ̀n ọ́n.

Ní oṣù kẹjọ 1888, ìyàwó Benz, tó ń jẹ́ Bertha, gbé ọkọ̀ náà jáde láìsọ fún baálé rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wà á láti ìlú Mannheim lọ sí Pforzheim, ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà: bí ẹni tó lọ láti Tchaourou sí Parakou tó sì tún padà. Kò sí ilé epo nígbà yẹn. Ilé oògùn ló ti ra epo lọ́nà, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Ìtàn sọ pé nígbà tí ìdọ̀tí dí ọ̀nà epo, Bertha yọ abẹ́rẹ́ gígùn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wọn fi ń mú fìlà dúró lórí, ó fi gún ìdọ̀tí náà jáde, ọkọ̀ sì tún gbéra. Ẹ ò rí i pé àrùn tó ń ṣe báàṣé wa ti wà láti ìrìn àjò jíjìn àkọ́kọ́! Mo fẹ́ràn ìtàn obìnrin yìí púpọ̀, nítorí àwọn kan ṣì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì kò kan obìnrin.

Ní 1893, ará Jámánì mìíràn, Wilhelm Maybach, yí ọgbọ́n náà padà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ará Hungary méjì, Donát Bánki àti János Csonka, ṣe irú rẹ̀. Dípò kí afẹ́fẹ́ máa gba orí epo kọjá lásán, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fa epo jáde láti ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín kan. Ẹ rántí ẹ̀rọ fílíìtì tí wọ́n fi ń fín oògùn ẹ̀fọn. Bí ẹ bá ti ọwọ́ rẹ̀ síwájú, afẹ́fẹ́ á sáré kọjá lórí ọ̀pá kékeré, oògùn á gòkè, á sì fọ́n ká bí ìrì. Bí kábúrétọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn títí di òní, ti báàṣé àti ti ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ẹ fi ń lọ oko.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Kábúrétọ̀ ní àwo kékeré kan tí ẹ̀sánsì ń dúró sí. Ohun kan ń léfòó nínú àwo náà bí igbá ṣe ń léfòó lórí omi. Bí ẹ̀sánsì bá kún dé ìwọ̀n, ohun náà á gòkè, á ti ilẹ̀kùn epo. Bí ẹ̀sánsì bá dín kù, á sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Láti inú àwo yìí, ẹ̀sánsì ń gba inú ihò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ńlá. Gicleur ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Òun ló ń wọn ẹ̀sánsì. Afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, tó fún pọ̀ láàárín bí ọrùn akèrègbè. Ibi tó fún pọ̀ yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń sáré jù, bí odò ṣe ń sáré níbi tí bèbè méjèèjì ti súnmọ́ra. Ibẹ̀ ló ti ń fa ẹ̀sánsì jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdérí pẹlẹbẹ kan wà tó ń ṣí nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré.

Ẹ má rò pé ẹ̀sánsì ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ́ńjìnì ń jẹ. Afẹ́fẹ́ ni. Kìlò ẹ̀sánsì kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlò 15 kó tó lè jó dáadáa. Bí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n, lítà ẹ̀sánsì kan ń fẹ́ nǹkan bí lítà afẹ́fẹ́ 9,000. Ẹ fojú inú wo dùrọ́ọ̀mù oní-lítà 200. Ẹ to 45 irú rẹ̀ sí iwájú ilé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú gbogbo wọn ni lítà ẹ̀sánsì kan ṣoṣo ń lò. Bí ẹ̀sánsì bá pọ̀ ju ìwọ̀n yìí lọ, èéfín dúdú á máa jáde, bújì á dúdú, owó yín á bá èéfín lọ. Bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnì á máa gbóná, kò sì ní lágbára.

Ní ilẹ̀ Faransé, Maurice Goudard àti Marcel Mennesson bẹ̀rẹ̀ sí í ta kábúrétọ̀ tí wọ́n pè ní Solex kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀. Solex yìí ló wà lára ọ̀pọ̀ 403, 404 àti 504. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ nu ọ̀rá dúdú kúrò lára rẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ náà, ẹ ó sì rí nọ́ńbà kan, bíi 32 tàbí 34. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ̀nà tó wà níbi ìdérí pẹlẹbẹ ṣe fẹ̀ tó, ní mílímítà. Láti 32 sí 34 dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́jọ pọ̀ sí i.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ẹ́ńjìnì Peugeot 203 jẹ́ lítà 1.3. Nígbà tí 403 dé, wọ́n fún un ní lítà 1.5. Ti 404 jẹ́ lítà 1.6. Ti 504, tó jáde ní 1968, jẹ́ lítà 1.8, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ti lítà 2. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe tó ni wọ́n ṣe ń wọn kábúrétọ̀ fún un. Lítà 1.6 yẹn ni àyè tí písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní láti fa afẹ́fẹ́ sí. Kábúrétọ̀ ńlá kò lè mú kí àyè yẹn pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fẹ ẹnu ìgò, ìgò kò tóbi sí i.

Òótọ́ ni pé bí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíákíá gan-an, ẹnu fífẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje fi fẹ́ràn kábúrétọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n báàṣé tó ru iṣu gun òkè kì í sáré. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ọrùn fífẹ̀ kọjá nígbà yẹn kò ní yára tó láti fọ́n ẹ̀sánsì ká bí ìrì. Ẹ̀sánsì á máa kán wọlé bí omi òrùlé. Èyí tó bá kán bẹ́ẹ̀ kì í jó tán. Nítorí náà, ẹni tó ra kábúrétọ̀ ńlá nítorí òkè lè rí i pé orí òkè gan-an ni ọkọ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì jù.

Peugeot fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn láti fi kún agbára ọkọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ń ta irú 404 kan tí kò ní kábúrétọ̀ rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní injection ló ń ti ẹ̀sánsì wọlé. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, eré ìje ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Safari, nínú ẹrẹ̀ àti eruku Kenya àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Peugeot 404 ló gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 1963, ní 1966, ní 1967 àti ní 1968. Ní 1963, ọkọ̀ 84 ló gbéra, 7 péré ló dé òpin. Èyí tó borí ní 1966 jẹ́ 404 oní-injection.

Síbẹ̀, wọn kò fi injection sí báàṣé wa. Kábúrétọ̀ oní-ọ̀nà kan ni wọ́n fi sí i. Àwọn kan lè sọ pé nítorí wọ́n fojú kéré wa ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí injection ìgbà yẹn bá bàjẹ́, irin iṣẹ́ pàtàkì àti ẹni tó kọ́ ọ ni ènìyàn ń wá, níbi tí kò ti sí. Kábúrétọ̀ Solex, tournevis kan àti sípánà díẹ̀ tó o. Ọmọ iṣẹ́ lè tú u lábẹ́ igi kajú, kó fọ̀ ọ́, kó dè é padà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Lójú tèmi, ohun tó mú báàṣé pẹ́ láyé ní ilẹ̀ wa nìyẹn, ju bí irin rẹ̀ ṣe le lọ.

Báàṣé 504 jáde ní 1979. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kaduna ti ń to 504 pọ̀ láti 1975. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà ara 504 pọ̀ lọ́jà lọ́hùn-ún, a sì mọ̀ pé ẹnu ibodè kò jìnnà sí wa. Ẹni tí kábúrétọ̀ 404 rẹ̀ bá ti gbó lè rí ti 504 kíákíá ju ti 404 lọ. Bí ẹ bá gbà á, ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ó ti pààrọ̀ gicleur inú rẹ̀ sí ìwọ̀n ẹ́ńjìnì lítà 1.6. Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló ṣe kókó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sánsì fúnra rẹ̀ náà ní ìtàn. Láti àwọn ọdún 1980 ni kpayo, ẹ̀sánsì tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá láti Nàìjíríà, ti gbilẹ̀ ní Benin. Gbogbo wa mọ tábìlì àti ìgò rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Owó rẹ̀ máa ń kéré ju ti ilé epo lọ tẹ́lẹ̀, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ báàṣé máa rìn. Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ owó tó fi ń ran epo lọ́wọ́, owó kpayo sì fò sókè ní Benin lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ibodè. Ó ju ènìyàn 30 lọ tó kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe tú kábúrétọ̀ níbi tí iná tàbí sìgá bá wà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹnu fa ẹ̀sánsì láti inú rọ́bà. Bí díẹ̀ bá gba ọ̀nà òfuurufú wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó lè pa á.

Ẹ̀sánsì tó ti ọwọ́ dé ọwọ́, láti kẹ́ẹ̀gì sí kẹ́ẹ̀gì, máa ń ní eruku àti omi nínú. Omi wúwo ju ẹ̀sánsì lọ. Ìsàlẹ̀ àwo kábúrétọ̀ ló ń lọ, níbi tí gicleur wà. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ níbi tí kò sí iná: bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ pẹ̀lú ojú yín.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá sọ pé báàṣé kò lágbára mọ́, ìdọ̀tí ni, kì í ṣe pé kábúrétọ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ 404 àti 504 tó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà ló ní asẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń bu epo ẹ́ńjìnì sí nísàlẹ̀, kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí epo yẹn bá ti di ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnì kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ohun mìíràn ni gicleur tí wọ́n ti fi wáyà gún. Abẹ́rẹ́ Bertha gba ọkọ̀ rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ọ̀nà epo ló fi gún. Idẹ ni gicleur, wáyà irin sì ń fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kì í wọn ohunkóhun mọ́. Afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n fi fẹ́ ẹ, láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà.

Kò wá sí kábúrétọ̀ tó dára ju ti àtijọ́ lọ ni? Ó wà. Ará Itálì kan, Edoardo Weber, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Bologna ní 1923. Lára ohun tí ilé iṣẹ́ náà fi lókìkí ni kábúrétọ̀ oní-ọ̀nà méjì. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n kọ 32/36 sí lára, ni àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ní òkè òkun máa ń fi sí ẹ́ńjìnì bíi ti Peugeot. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Èkejì kì í ṣí títí awakọ̀ yóò fi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Nípa bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń yára nínú ọ̀nà kan nígbà tí ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, àyè sì wà nígbà tó bá fẹ́ sáré. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ihò Solex mu. Wọ́n ní láti gé irin pẹlẹbẹ kan sáàárín, kí afẹ́fẹ́ má sì jò níbẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ gicleur méjèèjì. Fún ẹni tó ń gbé iṣu láti Goro wá sí ọjà, èmi kò rò pé èrè rẹ̀ tó ìnáwó rẹ̀.

Ní Yúróòpù, òfin èéfín ọkọ̀ ló lé kábúrétọ̀ jáde. Láti 1993, injection ni ọkọ̀ tuntun wọn ń lò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó ń gba èbúté Cotonou wọlé kò fi ní kábúrétọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ pààrọ̀ tiyín, ẹ mú ìwé àti bíírò. Ẹ kún táńkì dé ẹnu, ẹ kọ kìlómítà tí ọkọ̀ wà. Nígbà tí ẹ bá lọ tí ẹ bọ̀, ẹ tún un kún dé ẹnu, ẹ kọ iye lítà tó wọlé. Bí ẹ̀rọ tó ń ka kìlómítà bá ti kú, ẹ ka òkúta kìlómítà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ ṣe é ṣáájú, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú irú ẹrù kan náà.

Ká ní ọkọ̀ ń jẹ lítà 12 fún 100 kìlómítà tẹ́lẹ̀, tó wá ń jẹ lítà 15. Lítà 3 ló fi lé. Bí wọ́n bá ń ta lítà kan ní fáráńkì 700, fáráńkì 2,100 nìyẹn. Ẹni tó ń lọ Parakou tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ká ka àlọ àti àbọ̀ kan sí 100 kìlómítà, ti fi fáráńkì 6,300 kún owó ẹ̀sánsì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di 25,200. Ẹ kọ ọ́ sí apá kan ìwé. Ní apá kejì, ẹ kọ iye tí ẹrù tí kábúrétọ̀ ńlá jẹ́ kí ẹ lè gbé lé ti tẹ́lẹ̀ mú wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan náà.